Ohun tí Mo Rí Lára Àwọn Dókítà tó ń Ṣiṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn òbí wọn nìyí. Mo tún un kọ díẹ̀ kí ẹni tí kò sí níjókòó lè kà á.)

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa, ẹ kú ìjókòó o. Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni mo wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́; èmi ni mò ń na irinṣẹ́ sí dókítà. Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Mátírónì, ṣé ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n ni?"

Ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n. Ọwọ́ ṣeé kọ́. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti di dókítà tán, yóò tún lo nǹkan bí ọdún 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kí wọ́n tó gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n lọ́dún kìn-ín-ní á ti fara balẹ̀ kó tó di ọdún kẹta. Èyí tí mo rí tó ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn ni ìpinnu tí wọ́n ń ṣe kí a tó wọ tíátà rárá, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní láti bá ẹbí sọ nígbà tí a bá jáde. Òun ni mo wá bá yín sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Agbárí àgbàlagbà kò ní ibi tí yóò fẹ̀ sí. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọpọlọ tó wọn nǹkan bíi kílò 1.4, ẹ̀jẹ̀, àti omi tó yí ọpọlọ ká. Omi yìí kì í ju nǹkan bíi mìlílítà 150 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ara ń ṣe nǹkan bí ìdajì lítà rẹ̀ lójúmọ́, ó sì ń fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ohun kẹrin bá wá wọlé, yálà ẹ̀jẹ̀ tó dà tàbí kókó, tàbí bí omi náà kò bá rí ọ̀nà gbà mọ́, ọpọlọ ni ìyà rẹ̀ máa jẹ. Yóò máa fún un títí yóò fi sún un lọ sísàlẹ̀, níbi tí èémí ti ń gba àṣẹ. Ìgbà yẹn ni ẹni náà máa ń dákẹ́.

Ẹ wo ọlọ́kadà tó ṣubú láìdé akoto. Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà, ó tilẹ̀ ń bá wọn ṣàwàdà. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó sùn lọ, àwọn ará ilé ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Wọn ò mọ̀ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti já nínú agbárí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbá jọ sáàárín egungun àti awọ ọpọlọ. Bí wọ́n bá tètè gbé e dé, dókítà á ṣí egungun yẹn, á kó ẹ̀jẹ̀ dídì náà kúrò, á dí iṣan tó já, ọmọ náà sì lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́, kò sí ohun tí ọwọ́ tí kì í gbọ̀n lè ṣe sí i. Dókítà kan náà ni o, ọgbọ́n kan náà ló ní. Ohun tó yàtọ̀ ni aago tí wọ́n gbé e dé, dókítà kọ́ ló sì ni aago náà. Síbẹ̀, òun ló máa jáde lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

Nínú tíátà, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Wọ́n á fá irun, wọ́n á fi irin di orí mú kó má yẹ̀, wọ́n á lu egungun, wọ́n á gé e, wọ́n á la awọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ẹ̀rọ amúǹkantóbi wá. Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Kì í mọ ìrora fúnra rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè jí aláìsàn sójú iṣẹ́ nígbà mìíràn, kó máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kó máa dárúkọ ohun tó wà nínú àwòrán, kí dókítà lè mọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ lè gba wákàtí 8, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí oúnjẹ, kò sí ilé ìtọ̀, ọrùn á gan. Mo ti rí dókítà tí kò lè bọ bàtà ara rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyẹn ò tó nǹkan, oorun á wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ru ẹrù yìí nílẹ̀ wa. Latunde Odeku ni, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí wọ́n bí ní 1927. Ó kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Howard ní Washington, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan lọ́dọ̀ Edgar Kahn, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà yọrí. Ní 1962 ó padà wálé, ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ro ọdún yẹn wò. Kò sí CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, níbi kankan láyé. 1971 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ya orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní London. Tí Odeku bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú orí èèyàn, wọ́n á fa oògùn aláwọ̀ sínú iṣan ọrùn, wọ́n á sì ya X-ray bó ṣe ń gòkè. Tàbí kí wọ́n fa omi ọpọlọ kúrò, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n ya á. Orí á máa fọ́ aláìsàn náà gan-an, á sì máa bì. Wọn kì í rí kókó náà. Ibi tó ti ti iṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n ń wò, wọ́n á wá fi ìyẹn pinnu ibi tí wọ́n máa là.

Kó tó di pé Adelola Adeloye, tí òun náà jẹ́ dókítà abẹ ọpọlọ, wá bá a ṣiṣẹ́, kò sí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ mìíràn nínú ilé ìwòsàn náà tí Odeku lè na àwòrán sí kó ní, "Ẹ bá mi wo èyí." Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ìpinnu tí ẹni méjì jọ ṣe kì í wúwo tó èyí tí ẹnì kan dá ṣe. Nígbà tí Adeloye dé, àwọn méjèèjì jọ kọ̀wé ní 1971 nípa kókó kan tó máa ń wú sórí àwùjẹ̀ ọmọdé, orúkọ wọn ni àwọn kan fi ń pè é títí dòní.

Odeku tún ń kọ ewì. Ìwé ewì méjì ló gbé jáde, ọ̀kan ní 1964, èkejì ní 1969. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó kàn lẹ́bùn púpọ̀ ni. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá rí ẹni bá sọ ohun tó rí lọ́sàn-án ní láti wá ibì kan kó o sí. Ó kú ní London ní oṣù kẹjọ 1974, àìsàn àtọ̀gbẹ ló ń bá a jà, ẹni ọdún 47 ni. Mi ò sọ pé iṣẹ́ ló pa á o. Mo kàn ń sọ pé ọdún 12 péré ló lò nídìí rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn tó sì ń ṣiṣẹ́ yìí káàkiri Nàìjíríà lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀.

Ọdún 1974 yẹn kan náà ni dókítà Teasdale àti Jennett gbé òṣùwọ̀n Glasgow jáde, èyí tí a fi ń wọn bí ẹni tó fara pa lórí ṣe jí tó, tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti há sórí: ojú, ọ̀rọ̀, ìmira. Ẹni tó jí dáadáa gba 15. Ẹni tí kò ṣí ojú, tí kò sọ̀rọ̀, tí kò mira, ó gba 3. Kò sí òdo níbẹ̀. Nọ́ńbà yìí la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní aago méjì òru. Àmọ́ kò lè bá dókítà pinnu.

Àwọn baba wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀ rín, àbí? Ó dára. Ohun tí dókítà ọpọlọ ń rò lójoojúmọ́ nìyẹn gan-an: ṣé èyí tí mo fẹ́ ṣe yìí ò ní burú ju àìsàn lọ? Ẹ jẹ́ ká ní kókó wà lápá òsì ọpọlọ ẹnì kan, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Tí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè má dárúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá fi díẹ̀ sílẹ̀, á máa sọ̀rọ̀, kókó náà á sì padà. Oríṣi kókó ọpọlọ kan wà tí wọ́n ń pè ní glioblastoma. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2005, ìdajì àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n gba ìtànṣán tí wọ́n sì lo oògùn pẹ̀lú rẹ̀, ni kò kọjá oṣù 15. Ẹni tó máa ta ilé rẹ̀ kó tó rówó ìtọ́jú, kí lẹ máa sọ fún un? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní kí wọ́n gbìyànjú ṣáá. Ó rọrùn láti sọ. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́, kò sí èyí tó gba agbára lọ́wọ́ dókítà tó kí ó dúró níwájú ẹbí, kó ní, "A ò ní ṣe é." Ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ tí aláìsàn sì kú, wọ́n á ní ó sa ipá rẹ̀. Ẹni tó kọ̀ láti ṣe é nítorí pé ó mọ̀ pé ìyà lásán ló máa fi jẹ ẹ́, wọ́n á ní ọ̀dájú ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹbí máa ń sọ: "Dókítà, ẹ bá wa ṣe é bí ẹni pé ọmọ yín ni." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, mo sì ti rí i tó ń kó jìnnìjìnnì bá èèyàn. Dókítà kì í ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ ara rẹ̀. Bí àánú bá pọ̀ jù, a ò ní lè gé ibi tó yẹ ká gé. Bí kò bá sí rárá, a ó máa gé ohun tí kò yẹ. Àárín méjèèjì yẹn tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ń rìn títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ gbọ́ ti Harvey Cushing, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n kà sí bàbá iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kẹfà 1926, wọ́n pè é lórí fóònù láàárọ̀ pé William, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Yunifásítì Yale, ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ó sọ fún ìyá ọmọ. Lẹ́yìn náà ó lọ sí tíátà, ó ṣe iṣẹ́ abẹ tó ti là kalẹ̀ fún ọjọ́ náà. Àwọn kan á ní akin ni, àwọn kan á ní kì í ṣe èèyàn. Èmi ò yìn ín, mi ò sì bú u. Aláìsàn tiẹ̀ náà ọmọ ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n mo bá àwọn tó ń fi ìtàn yẹn kọ́ ọmọ iṣẹ́ jà, torí ohun tí ọmọ iṣẹ́ máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ dùn ún. Cushing kan náà yìí ló ní kí àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún máa kọ lẹ́tà sí òun lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹni tí nǹkan kì í dùn kì í bèèrè irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí aláìsàn bá kú, ìpàdé wà tí wọ́n ti máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ó dára, ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Kí ló pa á, ta ló pẹ́, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi ọ̀dọ́mọdé dókítà tó di aláìsàn náà mú léèrè bóyá ó sùn lánàá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó yè máa ń gbé iṣu àti adìyẹ wá, inú gbogbo wa á dùn. Tó bá di ọdún kan, dókítà lè má rántí orúkọ ẹni tó gbé iṣu wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú, dókítà ṣì mọ bẹ́ẹ̀dì tí onítọ̀hún wà.

Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ṣé ó yẹ kí dókítà sunkún lójú ẹbí. Mo ní tí omi bá bọ́ lójú rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kó ṣáà ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà tán, kó sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́, kó sì jókòó. Ìdúró ni mi ò fẹ́. Ẹni tó bá ń sọ ikú fún èèyàn lórí ìdúró, ó ti ń lọ nìyẹn.

Bàbá kan ní kí ló dé tí wọ́n ń sá lọ sílùú ọba, ṣé owó ni? Owó wà níbẹ̀ o, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tí omi kún orí rẹ̀, tí okùn rọ́bà kékeré kan láti inú ọpọlọ dé ikùn lè fa omi náà lọ, tí dókítà mọ̀ ọ́n fi sí i, tí ìyá ọmọ ò sì rówó rà á. Dókítà náà ń wo orí ọmọ náà tó ń tóbi sí i ní kíníìkì. Ẹni tí kò mọ nǹkan ṣe lè fara dà á. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọn ò jẹ́ kó ráyè ṣe é, òun ló ń wá físà.

Ìyá àgbà kan ló béèrè kẹ́yìn. Ó ní ọkọ òun ṣubú ní balùwẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti ń gbàgbé nǹkan, ẹsẹ̀ kan ń wọ́, àwọn ọmọ ní arán ni. Mo ní, Màmá, ẹ gbé wọn lọ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò lọ́la, kí wọ́n ya orí wọn. Ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra gbá jọ sínú orí àgbàlagbà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìṣubú tí kò jọ nǹkan. Bó bá jẹ́ òun ni, ihò kékeré kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń lu sí egungun, ẹ̀jẹ̀ náà á sì ṣàn jáde. Iṣẹ́ abẹ yẹn ni mo rí tí àwọn ọ̀gá mi máa ń fi ayọ̀ wọ̀, tí wọ́n á máa kọrin nídìí omi ìfọwọ́, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbà, tí wọ́n bá dé wáàdì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá náà á ti máa bi nọ́ọ̀sì pé oúnjẹ òun dà.