Ohun tí ó yẹ kí àsíá gbé: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Àbújá

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó pẹ̀lú wa ní Kubwa lónìí, mo kí yín. Ìgbìmọ̀ tí ẹ yàn pé kí ó ṣe àsíá fún ẹgbẹ́ wa ti fi àbá wọn hàn mí, mo sì mọ rírì làálàá wọn. Adé ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, ìlù dùndún wà níbẹ̀, owó ẹyọ wà níbẹ̀, Àpáta Zuma náà wà níbẹ̀ (bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Niger ni ó ni ín, kì í ṣe Àbújá), ọ̀rọ̀ gígùn kan sì tún wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín lé lórí ni pé kí a yọ púpọ̀ nínú wọn kúrò, nítorí pé ohun tí a bá yọ lára àsíá ni ó sábà máa ń fún un lágbára.

Àsíá Nàìjíríà ni ẹ̀rí mi. Ọmọ wa ni ó yà á: Michael Táíwò Akínkúnmi, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1936, tí ó sì lo apá kan nínú ìgbà èwe rẹ̀ ní Òkè Ọya níbí kí ó tó padà sílé. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Norwood Technical College ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ó rí ìkéde ìdíje àsíá, ó sì fi àwòrán tirẹ̀ ránṣẹ́ ní ọdún 1958. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ni ó yà, ṣùgbọ́n ó fi oòrùn pupa tí ó ń tàn yanran sí àárín funfun náà. Àwọn adájọ́ gba àwòrán rẹ̀, wọ́n sì yọ oòrùn náà. Èyí tí kò ní oòrùn ni wọ́n fà sókè ní Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, nígbà tí wọ́n sọ Union Jack, àsíá Gẹ̀ẹ́sì, kalẹ̀. Ó dùn mí títí di òní pé ọdún 2014 ni ìjọba tó fi OFR, oyè ìdánilọ́lá orílẹ̀-èdè wa, dá a lọ́lá, nígbà tí ó ti di arúgbó. Ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2023.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí yíyọ oòrùn yẹn ṣe. Ọ̀já mẹ́ta tí ó dọ́gba ni ó kù, gígùn aṣọ náà sì jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Télọ̀ èyíkéyìí ní ọjà Wuse lè rán an láìwo àwòrán. Kò ní orí, kò ní ìdí, kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè ta á kọ́ sódì. Bí oòrùn bá wà níbẹ̀ ni, ènìyàn yóò yà á sí ojú méjèèjì aṣọ, yóò sì máa ronú bí ìtànṣán rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Àwọn ará orílẹ̀-èdè Niger tí ó bá wa pààlà fi òbìrí kan sí àárín tiwọn láti ọdún 1959, ó sì dára lójú mi, ṣùgbọ́n òbìrí lásán ni, kò ní ìtànṣán kankan.

Àwọ̀ ewé dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọrọ̀ ilẹ̀ wa. Funfun dúró fún àlàáfíà àti ìṣọ̀kan, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ẹni tí ó ti lọ sí Mẹ́kà mọ aṣọ funfun tí ó wọ̀ nígbà hájì. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun mọ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń bọ Ọbàtálá mọ àlà. Gbogbo wọn wà nínú yàrá yìí, kò sì sí ẹni tí funfun náà ní kí ó yẹ̀ fún ẹnìkejì. Bí ẹ bá kó àmì sí àyè náà títí tí ó fi kún, àmì ẹnìkan yóò borí ti àwọn yòókù.

Mi ò sọ pé kí adé àti ìlù parun. Ìjọba àpapọ̀ ní àmì mìíràn yàtọ̀ sí àsíá: asà dúdú, àmì funfun tí ó rí bíi lẹ́tà Y tí ó dúró fún Odò Ọya àti Odò Benue níbi tí wọ́n ti pàdé ní Lọ́kọ́jà, ẹyẹ idì pupa lókè, ẹṣin funfun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, òdòdó nísàlẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà. Orí ìwé àti ara ògiri ni ó ń gbé, níbi tí ènìyàn ti lè dúró kà á. Àsíá ń fẹ́ lókè ọ̀pá ní Eagle Square, inú ọkọ̀ tí ó ń sáré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń rí i. Ẹ gbé ohun ọ̀ṣọ́ wa lọ sí orí ìwé ẹgbẹ́ àti káàdì ìdánimọ̀.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó ju ẹwà lọ. Ní Lọ́kọ́jà kan náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fa Union Jack sókè, ó sì kéde pé Àríwá ti bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onílẹ̀ kọ́ ni ó yan àsíá náà. Ẹ wá fi wé àmì kókó tí a mọ̀ mọ́ Arewa, ìyẹn Àríwá: ó ti wà lára bàbáńrígà àti ògiri ilé kí ìjọba tó mú un lò, ìdí nìyẹn tí ará Zaria tàbí ará Kàdúná fi ń pè é ní tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Nítorí náà, àwọ̀ aró àti funfun ni àbá mi. Aró ni a fi ń ṣe àdìrẹ, ó ti wà lára wa tipẹ́. Aró kan náà ni wọ́n ń pa nínú kòtò aláró Kofar Mata ní Kánò, tí ó fi jẹ́ pé àwọ̀ tiwa àti ti àwọn tí a bá ní ilẹ̀ yìí ni. Bí ẹ bá ní dandan, àmì kan ṣoṣo ni kí ó wà níbẹ̀, kí ó má sì sí lẹ́tà kankan. Kí ìgbìmọ̀ rán méjì tàbí mẹ́ta fún àyẹ̀wò, kí wọ́n ta wọ́n kọ́ sí pápá títí ọyẹ́ yóò fi parí, kí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọdé yà wọ́n láìwò wọ́n. Èyí tí àwọn ọmọ bá yà tó pé jù ni kí a dìbò lé lórí ní ìpàdé gbogbogbòò tí ó ń bọ̀.