Yàrà Olókúta Lábẹ́ Ilé Alámọ̀

Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ yìí. Òkè rẹ̀ gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ń ya wálẹ̀ bí gààrí. Omi ló ń fà mu láti inú ilẹ̀. Yàrà tí a kó òkúta sí lábẹ́ ògiri, bí ìpìlẹ̀ ilé, ló ń gba omi yẹn lọ́wọ́ ògiri, tó sì ń gbé e jáde.

Ẹ̀yin tó fẹ́ fi amọ̀ kọ́lé l'Óṣogbo, ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ yín wò. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí omi ò níbi tó máa yọ sí, ẹ má gbẹ́ yàrà yìí rárá. Ìkòkò omi lẹ ń gbẹ́ sábẹ́ ilé yẹn. Ilẹ̀ àbàtà létí Ọ̀ṣun ò gbà á, ilẹ̀ dúdú tó ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ò gbà á. Ilẹ̀ pupa tó dagẹ̀ẹ́rẹ́ ló dára jù.

Ẹ gbẹ́ yàrà náà ní fífẹ̀ íńṣì 18 sí 24, títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle. Lókè òkun, ilẹ̀ tó ń di yìnyín nígbà òtútù ló ń mú wọn gbẹ́ ẹ jìn. Ilẹ̀ líle nìkan làwa ń wá.

Ìsàlẹ̀ yàrà niṣẹ́ gan-an wà. Ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 8, kó fi íńṣì 1 rẹlẹ̀ sí i. Bí ògiri bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, íńṣì 5 nìyẹn. Ẹ tẹ́ páìpù oníhò íńṣì 4 sí i, kí ihò rẹ̀ dojú kọlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ yọ síta níbi tó rẹlẹ̀ ju yàrà lọ. Ẹ fi asẹ́ wáyà bo ẹnu náà nítorí èkúté. Ẹ wá da garawa omi méjì sí i lápá òkè. Bí omi bá dúró lójú kan, ẹ tún un ṣe báyìí, kí òkúta tó bò ó.

Ẹ fi aṣọ tó ń sẹ́ omi tẹ́ ẹ̀gbẹ́ yàrà, kí erùpẹ̀ má baà wọ inú òkúta. Ẹ má lo ọ̀rá, kò ní jẹ́ kí omi wọlé.

Òkúta gíráńáìtì íńṣì 1 sí 1½ la fẹ́, mímọ́ tónítóní. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan sínú omi: bí omi náà bá rí bí omidùn, ìyẹ̀fun òkúta pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ dá típà padà. Ìyẹ̀fun yẹn á dí àlàfo, omi á sì máa gba ibẹ̀ gun òkè. Ẹ dà á ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gún un kó le dáadáa kẹ́ ẹ tó da òmíràn lé e.

Ẹ da kọnkéré íńṣì 8 yí orí rẹ̀ po, pẹ̀lú irin mílímítà 12 mẹ́rin: síméńtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4. Ẹ to búlọ́ọ̀kù ìlà méjì lé e, kẹ́ ẹ rọ kọnkéré kún ihò wọn, kẹ́ ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí wọn, kí amọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ìlà méjì yẹn, tó ga tó íńṣì 18, ni òjò tó ń ta láti ilẹ̀ á máa lù, kì í ṣe amọ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ síbi ẹnu páìpù. Omi yẹ kó máa ṣàn jáde níbẹ̀. Bó bá gbẹ, tí ẹsẹ̀ ògiri sì rin, páìpù ti dí.