Tógun Bá Lé Yín Kúrò Lóko Kòkó, Kí Lẹ Óò Kọ́kọ́ Ṣe Tẹ́ Ẹ Bá Padà?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa n'Íbàdàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kòkó lọ́nà Ìdí-Ayunrẹ́, ẹ kú iṣẹ́ oko o.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná ni ogun fi ń ba oko kòkó jẹ́. Rárá o! Àìlèdé-oko ni! Ará Ìbàràpá mọ ohun tí mò ń sọ látìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu Ìgàngán nínú oṣù kẹfà ọdún 2021. Kí ẹ̀rù dá àgbẹ̀ dúró sílé lọ́sẹ̀ mẹ́ta péré lásìkò òjò, èyí tó pọ́n á máa hù nínú èèpo lórí igi, èyí tí àrùn ti sọ di dúdú á máa kó o ran tẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Kóló ni ẹ̀gẹ́: ẹ sá fún ún di àmọ́dún, ẹ óò ṣì bá nǹkan nílẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni kòkó. Ta ló ń fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta?

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2002, ọ̀pọ̀ lébìrà ará Burkina Faso sá lọ. Oko wà, ọwọ́ ò sí. Nínú oṣù kìíní ọdún 2011, Ouattara, tó ń du ipò ààrẹ ibẹ̀ nígbà náà, tún ní kí wọ́n dá kòkó dúró, kó má lọ sókè òkun. Àpò kún etíkun bámúbámú. Àgbẹ̀ tó ti sá tiẹ̀ gbẹ ńkọ́?

Ó dáa. Ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í ṣe nìyí! Bí ìlú bá ti rọ̀, ẹ óò sáré já èyí tó pọ́n, torí owó. Ẹ dúró! KÒKÓ DÚDÚ NI KẸ́ Ẹ KỌ́KỌ́ JÁ! Títí kan èyí tó ti gbẹ dan-in sára ẹ̀ka. Bí òjò bá rọ̀ sí i, omi ẹ̀ ló ń ṣàn sára ọmọ kòkó nísàlẹ̀. Ẹ kó o kúrò, ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ rì í. Ẹ má kó o jọ sídìí igi, òjò á ta á padà sókè!

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ọ̀mùnú tó yọ lára igi, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ìgbà yẹn lẹ óò tó fín oògùn sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ fín in, oògùn olówó ló ń dà sára òkú kòkó.

Kóró tó ti hù ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó bo kòkó kó lè kan. Ihò tó hù gbà jáde lèéhu ń gbà wọlé.