Akọ̀wé Ni Designer: Ìdí Tí Àbùdá Control Tí A Fọwọ́ Ara Wa Kọ Fi Ń Pòórá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti jẹ àsìkò púpọ̀ nínú àwa tí à ń fi Windows Forms, irinṣẹ́ Microsoft fún kíkọ ètò tí ó ní fèrèsé, ṣiṣẹ́. Ènìyàn kọ control tirẹ̀ (ohun bíi bọ́tìnnì tàbí mítà tí ó ń hàn lójú fèrèsé), ó gbé e sórí fọ́ọ̀mù nínú Visual Studio, ó yí àbùdá (property) kan padà nínú fèrèsé Properties, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tan ètò náà, iye tí ó fi síbẹ̀ ti pòórá. Designer, apá Visual Studio tí a ti ń to fọ́ọ̀mù, ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Èmi náà ti dá a lẹ́bi rí, láìmọ̀ pé ohun tí mo ní kí ó ṣe gan-an ni ó ṣe.

Akọ̀wé lásán ni designer. Yàtọ̀ sí àwọn nǹkan bí àwòrán, tí ó ń lọ sínú fáìlì resx, kóòdù ni ó ń sọ gbogbo ohun tí a bá yàn dà, tí ó sì ń kọ ọ́ sínú InitializeComponent, method tí ó ń to fọ́ọ̀mù nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó ti wà nínú fáìlì Designer.cs tirẹ̀ láti ìgbà Visual Studio 2005. Iye tí kò bá kọ síbẹ̀, ètò kò ní gbọ́ nípa rẹ̀. Kí ni ó wá ń sọ fún akọ̀wé yìí pé kí ó kọ èyí, kí ó sì fo tọ̀hún?

Ẹ jẹ́ kí a mú control kan tí ó ń ya mítà epo jẹnẹrétọ̀. A fún un ní àbùdá IpeleEpo, a sì kọ attribute (àmì tí a ń lẹ̀ mọ́ kóòdù) tí ń jẹ́ DefaultValue(100) sórí rẹ̀, pẹ̀lú èrò pé ojú 100 ni mítà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. DefaultValue kì í fi iye kankan sínú àbùdá. Gbogbo ohun tí ó ń sọ fún designer ni pé bí ó bá bá 100 níbẹ̀, kí ó má kọ ọ́. Field (ibi tí iye ń gbé gan-an) tí ó wà lábẹ́ àbùdá náà ń bẹ̀rẹ̀ láti 0. Nígbà tí ẹni tí ó ń lo control wa bá wá tẹ 100 sínú fèrèsé Properties, designer yóò wò ó, yóò rí i pé ó bá ohun tí a wí mu, yóò sì yọ ìlà náà kúrò nínú InitializeComponent. Bí ètò bá ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò sọ fún mítà pé 100 ni. Ó di 0, tánkì òfìfo. Ìlà kan péré ni àtúnṣe rẹ̀: kí field náà bẹ̀rẹ̀ láti 100, kí ẹnu òun àti DefaultValue lè kò.

Àwọ̀ le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé attribute kì í gba Color.Red. Ènìyàn lè kọ DefaultValue(typeof(Color), "Red"), ṣùgbọ́n bí àbùdá náà bá ń jẹ́ AwoIkilo, method méjì, ShouldSerializeAwoIkilo (tí ó ń sọ bóyá kí designer kọ iye náà) àti ResetAwoIkilo (tí ó ń dá a padà sí ti ìbẹ̀rẹ̀), ni èmi fẹ́ràn. Orúkọ wọn ni designer ń wá, wọn kò sì ní láti jẹ́ public. Kí a má ṣáà pa wọ́n pọ̀ mọ́ DefaultValue lórí àbùdá kan náà. Àbùdá tí ó bá jẹ́ àkójọ ń fẹ́ DesignerSerializationVisibility.Content, kí designer lè mọ̀ pé àwọn ohun inú àpò ni kí òun kọ, kì í ṣe àpò náà.

Láti .NET 9, ẹ̀dà pèpéle tí Windows Forms ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àbùdá public tí kò bá sọ bí a ó ṣe kọ òun sílẹ̀ ń fa àṣìṣe WFO1000 nígbà tí a bá ń kọ́mpáìlì. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí àwọn tí ń fi DesignerSerializationVisibility.Hidden, èyí tí ó ń ní kí designer má kọ àbùdá sílẹ̀, sórí gbogbo àbùdá kí ariwo náà lè dákẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí IpeleEpo lè tẹ 40 tàbí 70 sínú fèrèsé Properties bó ṣe wù ú. Designer kò ní kọ ọ̀kankan sílẹ̀ nínú wọn.