Ìdí Tí Àwọn Dírágónì Ancient Fi Ní Ọ̀ṣọ́ Ara Tiwọn Nínú Flight Rising

Ẹ káàbọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin dírágónì. Flight Rising la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti wà láti ọdún 2013. Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa ń béèrè ṣáá: kí ló dé tí àwọn ẹ̀yà tuntun, ìyẹn Ancient, fi ní ọ̀ṣọ́ ara tí kò ṣeé fi sára dírágónì tèmi? Àwọn kan gbà pé ahun ló ń ṣe àwọn tó ni géèmù náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Ẹ wo dírágónì tó wà lójú ẹ̀rọ yìí. Wildclaw ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà àtijọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ pín sí: ti ara, ti ìyẹ́ apá, àti ẹ̀kẹta tó máa ń wá lé àwọn méjèèjì lórí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, ó sì ní ohun tí à ń pè ní jíìnì. Jíìnì ló ń sọ bí àwọ̀ yẹn ṣe máa jáde. Bí ẹ bá fún un ní Tiger, ilà á là sí i lára. Ẹ fi Stripes sí ìyẹ́ apá rẹ̀, ilà á bá ilà mu. Ẹ wá fi Circuit lé e lórí, ẹ ó rí i tí àwọn ìlà tín-ín-rín bíi ti inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà máa tàn yòò lára rẹ̀.

Àwọ̀ tó wà nílẹ̀ jẹ́ 177. Ó ti fìgbà kan jẹ́ 67 péré kí wọ́n tó fi kún un lọ́dún 2016. Bí ẹ bá ń to àwọ̀ mẹ́ta pọ̀ nínú 177 yẹn, ọ̀nà 5,545,233 ló wà, a ò sì tíì dé orí jíìnì.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya jíìnì kọ̀ọ̀kan. Ilà Tiger tó bá ara Snapper mu, Snapper tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí alábahun, kò lè bá ara Spiral tó ń lọ́ bí ejò mu. Ayàwòrán ní láti jókòó, kó tún ilà yẹn fà látìbẹ̀rẹ̀ fún Spiral, kó sì tẹ̀lé ibi tí ẹran ara ti yọ àti ibi tó ti ká kò. Akọ yàtọ̀ sí abo, nítorí pé bí wọ́n ṣe dúró kò dọ́gba. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Modern, ìyẹn àwọn ẹ̀yà àtijọ́ tí wọ́n jọ ń lo jíìnì kan náà, lé ní mẹ́wàá. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: kí jíìnì kan ṣoṣo tó jáde, àwòrán tó lé ní ogún ni wọ́n máa yà, ti àwọn àgbà nìkan nìyẹn. Bí ẹ̀yà tuntun bá sì fẹ́ wọ àárín wọn, gbogbo jíìnì tó ti wà látẹ̀yìn wá ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà fún un kó tó lè jáde síta. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni gbèsè yẹn ń pọ̀ sí i.

Ọdún 2019 ni wọ́n wá bọ́ nínú gbèsè yẹn, nígbà tí Gaoler jáde. Òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Ancient. Ẹ wò ó: ara gbọ̀ngbọ̀nràn, irun bò ó ṣùkùṣùkù. Nínú ìtàn géèmù náà, ilẹ̀ yìnyín ló ti wá, iṣẹ́ wọ́dà ló sì ń ṣe níbẹ̀. Wọn ò kó jíìnì àtijọ́ lé e lórí. Jíìnì tirẹ̀ ni wọ́n yà fún un, kìkì fún ara tirẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà náà máa ń tẹ̀lé orúkọ jíìnì, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í rà. Ẹ rántí ìyàtọ̀ tó wà láàárín aṣọ ẹbí tí gbogbo ilé jọ fẹ́ rán sí sítáì kan náà, àti aṣọ tí télọ̀ wọn ara ẹnì kan ṣoṣo kó tó gé e. Ẹni tó bá wo Gaoler dáadáa á mọ̀ pé wọ́n wọn ara rẹ̀ ni.

Òmìnira yìí ló jẹ́ kí Aberration wà. Orí méjì ló ní! Ẹ tiẹ̀ rò ó: ta ni ì bá gbà láti padà lọ ya gbogbo jíìnì àtijọ́ sórí ọrùn méjì? Láìsí ìlànà Ancient yìí, mo gbà tọkàntọkàn pé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ì bá má kúrò lórí pépà. Veilspun náà nìyẹn, èyí tó kéré, tí ìyẹ́ rẹ̀ rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti kòkòrò. Jíìnì tó lẹ́wà lára ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, ìdọ̀tí lásán ló máa dà lára Imperial, tó jẹ́ ẹ̀yà Modern.

Àmọ́ owó wà nídìí ẹwà yìí o, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ancient ò lè bá ẹ̀yà mìíràn bímọ. Gaoler pẹ̀lú Gaoler, Veilspun pẹ̀lú Veilspun, ó parí. Ibi tó dáa sí ni pé gbogbo jíìnì tí ọmọ bá jogún látọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá ló máa bá ara rẹ̀ mu, tí ẹyin bá ti pé ọjọ́ márùn-ún nínú ìtẹ́. Ti àwọ̀ ò yí padà ní tiẹ̀: àwọ̀ ọmọ á bọ́ sí àárín ti bàbá àti ti ìyá, ọ̀nà tó bá kúrú jù lórí òbírí àwọ̀ ló máa gbà.

Èyí tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún ni ìwé kíká (scroll) tó ń sọ dírágónì di Ancient. Ẹni tó ti kó owó lé Modern kan lórí, tó ti ra jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, tó wá lo ìwé kíká yẹn, gbogbo jíìnì yẹn á lọ. Basic, ìyẹn ara lásán tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ni dírágónì náà máa padà sí. Tó bá tún sọ ọ́ di Modern padà, jíìnì Ancient tó rà fún un náà á lọ. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò ní kúrò. Mo bá ẹni tó pàdánù bẹ́ẹ̀ kẹ́dùn, nítorí ẹ̀dá téèyàn fi sùúrù tọ́ kì í ṣe nǹkan eré lójú ẹni tó tọ́ ọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Scrying Workshop, ibi tí ẹ ti lè dán àwọ̀ àti jíìnì wò nínú géèmù náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan ẹ̀yà tí ẹ fẹ́, ẹ fi àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí dírágónì yín ti ní sí i, kí ẹ wá máa yí jíìnì ẹ̀yà yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, akọ àti abo. Tó bá jẹ́ pé nítorí jíìnì Iridescent lára Wildclaw yìí lẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ wá Gaoler mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀ lọ́jà, ẹ ó ní àwọn méjèèjì.