Ṣé ihò wà nínú rẹ̀? Bí a ṣe ń ya àwòrán ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń ṣe

Ẹ fojú inú wo àwòrán kan tí a fi máíkírósíkóòpù yà. Ó jọ àwọ̀n apẹja, àbí? Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló fúnra wọn so ó báyìí nínú àwo kékeré kan nílé ìwádìí. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé ihò wà nínú àwọn okùn wọ̀nyí tí nǹkan olómi lè gbà kọjá, àbí okùn lásán ni?

Láti 1971 tí Judah Folkman, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà kan, ti gbé àbá rẹ̀ jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé kókó jẹjẹrẹ kò lè tóbi àfi tó bá fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun wá láti ara ẹni tó ń ṣe. Ní 1999, Andrew Maniotis, Mary Hendrix, Robert Folberg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá sọ pé sẹ́ẹ̀lì melanoma inú ojú (jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ ara), irú èyí tó burú jáì, ń ṣe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Èyí tí kò burú tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é. Wọ́n sọ ọ́ ní vasculogenic mimicry, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń ṣe bí iṣan ẹ̀jẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lára èèyàn, oògùn tó ń dènà iṣan tuntun lè má kàn án rárá.

Orí Matrigel, ohun kan tó máa ń dì bíi jẹ́lì, ni wọ́n sábà máa ń da sẹ́ẹ̀lì náà sí. Ara kókó jẹjẹrẹ eku ni wọ́n ti ń rí Matrigel (bẹ́ẹ̀ ni, jẹjẹrẹ lórí jẹjẹrẹ!). Nínú yìnyín, olómi ni. Tó bá móoru, ó dì. Láàárín wákàtí mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì á máa fa ara wọn, wọ́n á so pọ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Wọ́n á ya fọ́tò látòkè, kọ̀ǹpútà á ka ẹ̀ka àti oríta, wọ́n á sì pè é ní iṣan. Ṣùgbọ́n fọ́tò òkè kì í fi inú okùn hàn. Ẹ jẹ́ ká pa á láró: aró phalloidin á mú actin (okùn tíntìntín tó ró sẹ́ẹ̀lì dúró) tàn, aró DAPI á mú DNA tàn búlúù. Máíkírósíkóòpù confocal á wá ya á ní ìpele-ìpele, láti ìsàlẹ̀ dókè. Kọ̀ǹpútà á to àwọn ìpele náà jọ, àwa á sì gé e wò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ihò bá wà, òbírí dúdú kan á hàn láàárín sẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá sí, gbogbo rẹ̀ á dí pa. Lójú tèmi, fọ́tò tí kò ní ìgé ẹ̀gbẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan nípa ihò.

Nínú ẹran ara aláìsàn ńkọ́? Wọ́n máa ń wá ibi tí aró PAS ti mú, tí àmì CD31 ti sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ kò sì sí. Ṣùgbọ́n PAS ń mú oríṣiríṣi nǹkan tó ní ṣúgà lára. Ní 2000, Donald McDonald, Lance Munn àti Rakesh Jain béèrè bóyá ẹ̀rí pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń ṣe iṣan tirẹ̀ tó. Kí a tó gbà pé iṣan ni, ó yẹ ká rí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gba inú ihò náà, kì í ṣe èyí tó kàn dà síbẹ̀.