Factorisation ò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ ya yàrá fún wọn

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tíṣà àti òbí tẹ́ ẹ wà ní Abuja níbí, láti Kubwa dé Nyanya, ọ̀rọ̀ factorisation la fẹ́ sọ lónìí, ìyẹn ká tú ìṣirò bíi x² + 7x + 12 sí bírákẹ́ẹ̀tì méjì tá a máa sọ di púpọ̀ kó tó padà di òun.

Ṣẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ ọ? Tíṣà á kọ x² + 7x + 12 sí bọ́ọ̀dù, á ní ẹ wá nọ́ńbà méjì, tẹ́ ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀ kó jẹ́ 12, tẹ́ ẹ bá rò wọ́n pọ̀ kó jẹ́ 7. Ọmọ á há a sórí, á ní 3 àti 4, ó gbà á, àmọ́ ẹ bi í pé kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀, ẹnu á wọhò.

Ó yá, ẹ wo ojú skíríìnì. Yàrá kan rèé, gígùn ẹ̀ x + 4, ìbú ẹ̀ x + 3. Mo pín in sí mẹ́rin: x² rèé, 4x rèé, 3x rèé, kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn ni 12. 4x pẹ̀lú 3x ló bí 7x yẹn, ọmọ ti fojú ara ẹ̀ rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya irú ẹ̀ dáadáa títí á fi mọ́ wọn lára, ìgbà yẹn lẹ ó wá pa ẹ̀gbẹ́ yàrá rẹ́, inú ẹ̀ nìkan lẹ ó fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wá ẹ̀gbẹ́ jáde. Factorisation ni wọ́n ń ṣe yẹn o! Kì í sì í ṣe àrà tuntun, ní Baghdad ní nǹkan bí 820, al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò kan, ń ya square láti fi ṣàlàyé algebra tiẹ̀, àwọn ọmọ tó ń lọ Islamiyya máa ń fẹ́ràn kí wọ́n gbọ́ ìyẹn.

Ibi tí àbá ká kàn wá nọ́ńbà méjì yẹn ti máa ń já ni 2x² + 7x + 3, torí 2 tó wà níwájú x². Ẹ sọ 2 àti 3 di púpọ̀, 6 nìyẹn, nọ́ńbà méjì tó bí 6 tó tún ròpọ̀ di 7 ni 6 àti 1, torí náà, tẹ́ ẹ bá ti fi 2x² àti 3 sí kọ̀rọ̀ méjì tó dojú kọra, 6x àti x ló máa wọ apá méjì tó ṣófo nínú yàrá yẹn. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́: (2x + 1)(x + 3).

Ọmọ tí ò mọ times table ṣá, ẹ má tan ara yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé x² − x − 12 fún wọn lálẹ́ yìí, kí wọ́n sọ bírákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá rí di púpọ̀ padà kí wọ́n tó fi hàn yín, torí máínọ́ọ̀sì yẹn á fẹ́ fi wọ́n ṣeré.